Ṣé dandan ni kí n bá wọn ja ìjà opó torí pé wọ́n bá mi ja ìjà ọmọ mi?

Abiyamọ Òkè-Àdó:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Láti Sátidé ni oorun ò ti kun ojú mi, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí.

Ọ̀pọ̀ yín ló mọ̀ mí nínú ẹgbẹ́ àwa òbí àkàndá ọmọ níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọmọ mi ọkùnrin ti pé ọdún 14. Ọjọ́ kẹta tí mo bí i ni ibà pọ́njúpọ́ntọ̀ mú un. Wọ́n ní kí n máa gbé e sí oòrùn àárọ̀, mo sì ń gbé e sí i. Nígbà tí a fi máa dé ọ̀dọ̀ dókítà, ó ti wọ ọpọlọ. Kò lè dá rìn, ọ̀rọ̀ máa ń wúwo lẹ́nu ẹ̀, ṣùgbọ́n orí ẹ̀ pé, ẹ ò lè fi ìṣirò tàn án.

Lọ́dún tó kọjá, ilé ìwé sọ pé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni kíláàsì ẹ̀ wà, àwọn ò sì ní ẹni tí yóò máa gbé e. Mo mú òfin 2019 tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù dání lọ. Ó wà nínú ẹ̀ pé ilé iṣẹ́ tó bá ya aláàbọ̀ ara sọ́tọ̀ máa san mílíọ̀nù kan náírà, èèyàn kan ṣoṣo á san 100,000 tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n oṣù 6. Wọn ò kà á sí. Ìgbà tí àwọn ìyá ọjà Wàásó tẹ̀lé mi lẹ́ẹ̀mejì, tí wọ́n tẹ̀ka sí ìwé, ni wọ́n tó gbé kíláàsì náà wá sílẹ̀. Mi ò sẹ́ oore yẹn o.

Sátidé yìí ni Ìyá Ẹgbẹ́ wọn pè mí sí ìpàdé. Wọ́n ní àwọn fẹ́ wọ́de nítorí àwọn opó tí ẹbí ọkọ ń lé jáde, láti Tákíè dé ààfin, kí n wá gba mááìkì torí pé mo lẹ́nu. Mo ní mi ò lè ṣe é. Lójú gbogbo èèyàn ni wọ́n ní, "Ìwọ tí a ru ọmọ ẹ lé èjìká, o wá di aláìmoore." Búbá tó wà lọ́rùn wọn lọ́jọ́ náà, èmi ni mo rán an, wọn ò tíì san owó ẹ̀ tán, mi ò sì fi í ṣe ọ̀rọ̀ rí.

Torí pé mò ń jà fún àkàndá ọmọ, ṣé mo gbọ́dọ̀ jà fún opó, fún àgbẹ̀, fún ẹni tí ọlọ́pàá lù? Ọmọ tí mò ń gbé lójoojúmọ́ ńkọ́?

Ìyá Ìbejì Tákíè:
Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ẹni tó ń gbé ọmọ ọdún 14 ò ní agbára ìwọ́de. Èmi náà, nígbà tí mo bí ìbejì, ìyà tó jẹ mí, Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n. Ìyá ọkọ mi kì í wẹ̀ wọ́n. Ìwọ sinmi.

Àgbẹ̀ Orííre:
Àwọn bàbá wa nínú Àgbẹ́kọ̀yà, ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ tó dìde sí ìjọba, owó orí ni wọ́n bá jà, wọn ò da ọ̀rọ̀ míì pọ̀ mọ́ ọn. Ìdí nìyẹn tí ìjọba fi gbọ́. Tí èèyàn bá ń ja ìjà mẹ́wàá, kò ní í ṣẹ́gun ọ̀kan.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì:
Kò rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀nà oko tí kò dáa àti ìwọ̀sí àwọn agbowó orí wà nínú ẹ̀. Ẹ sì rántí pé nígbà rògbòdìyàn 1969 yẹn náà ni wọ́n pa Ṣọ̀ún wa. Ẹ má sọ ọ́ bí ẹni pé ó rọrùn.

Ìyá Ransome-Kútì l'Ábẹ́òkúta, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó kàwé ni wọ́n kọ́kọ́ dá sílẹ̀. Ìgbà tí wọ́n ń kọ́ àwọn ìyá ọjà ní ìwé ni wọ́n gbọ́ pé wọ́n ń fi ipá gba ìrẹsì lọ́wọ́ wọn. Láti orí ìrẹsì ni wọ́n ti dé orí owó orí obìnrin, títí Aláké fi kúrò lórí ìtẹ́ ní January 1949. Ṣé kí wọ́n ti sọ pé ìwé la wá kọ́ yín, kò kàn wá?

Àgbẹ̀ Orííre:
Ṣé obìnrin yìí ni Ransome-Kútì? Abiyamọ yìí ní ọmọ aláìlera nílé.

Ọmọ Sábó:
Èmi wà níta ní October 2020. Ní ọjọ́ 10 oṣù yẹn ni wọ́n yìnbọn pa ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní ìlú wa yìí níbi ìwọ́de tako SARS, ẹ̀ka ọlọ́pàá tó ń fìyà jẹ àwọn ọ̀dọ́, kó tó di ọjọ́ kejì tí wọ́n ní àwọn ti tú SARS ká. Àwọn àgbà ń wò wá láti ojú fèrèsé. Ó ṣì ń dùn mí. Ẹ̀yin ìyá mi, tí ẹ bá dákẹ́ lórí tẹlòmíì, ẹ máa dá wà lórí tiyín.

Ìyá Ìbejì Tákíè:
Èmi gbé omi jáde fún yín lọ́jọ́ náà o. Má kó gbogbo wa pọ̀.

Agbẹjọ́rò Ilé:
Ẹ kú àtijọ́ mà. Ẹ ti bá àwọn ìyá ọjà yìí jáde rí lórí ọ̀rọ̀ owó ìsọ̀ wọn, mo rí yín. Kí ló dé tó jẹ́ ti opó lẹ kọ̀?

Abiyamọ Òkè-Àdó:
Mo dúpẹ́, Ìyá Ìbejì. Ẹ̀yin ló yé. Olùkọ́, mo gbọ́, ṣùgbọ́n ẹ bá mi sọ fún Ìyá Ẹgbẹ́ pé kì í ṣe gbangba ọjà la ti ń bú èèyàn.

Agbẹjọ́rò Ilé:
Ẹ ò dá mi lóhùn mà.

Álífà Ìsàlẹ̀ Àfọ̀n:
Nínú ẹ̀sìn tiwa, opó ní ìpín tirẹ̀ láì bẹ ẹnikẹ́ni: ìdá kan nínú mẹ́jọ bí ọkọ bá fi ọmọ sílẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́rin bí kò bá fi ọmọ sílẹ̀. Síbẹ̀ àwa Mùsùlùmí náà wà lára àwọn tó ń lé wọn. Ó yẹ kójú tì wá.

Abiyamọ Òkè-Àdó:
Ó dáa. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi tó kú wà lára àwọn opó náà. Ṣé kí n wá gba mááìkì ní Tákíè kí n máa bú ẹbí bàbá mi? Ta ló máa sin mí tí mo bá kú?

Agbẹjọ́rò Ilé:
Ó bímọ fún ẹ̀gbọ́n yín? Irú ìgbéyàwó wo ni wọ́n ṣe?

Abiyamọ Òkè-Àdó:
Ọmọ méjì, obìnrin ni wọ́n. Ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi ni wọ́n ti so wọ́n pọ̀, wọ́n buwọ́ lùwé. Àwọn àgbà ẹbí ló ní ilé ò lè bọ́ sí ọwọ́ àna, èmi kọ́. Ẹ má sì bú mi: ṣọ́ọ̀bù méjì tó wà níwájú ilé náà, èmi ni wọ́n ní kí n máa gba owó wọn. Òun ni mo fi ń san owó ẹni tó ń bá ọmọ mi na ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Òun ni mo fi ra kẹ̀kẹ́ ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ràn ọmọ yìí. Tó bá wà láyé, á ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọmọ Sábó:
Háà.

Ìyá Ìbejì Tákíè:
Ìwọ ọmọ yìí, o jẹ́ kí n máa gbèjà ẹ láti àárọ̀! Owó ọmọ òrukàn?

Agbẹjọ́rò Ilé:
Ìyá mi, tó bá jẹ́ pé ó rẹ̀ yín lẹ̀ ń sọ ni, mi ò ní í bá yín jà. Agbára èèyàn níwọ̀n, a lè gbájú mọ́ tiwa kí a má jáde fún tẹlòmíì. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin wà nínú ìjà yìí tẹ́lẹ̀, lọ́dọ̀ àwọn tó ń lé e. Nínú àṣà Yorùbá gan-an, ọmọ ló ń jogún bàbá, ìbáà ṣe ìdí igi (kí a pín in ní ìdí ìyàwó kọ̀ọ̀kan), ìbáà ṣe orí ò jorí (kí a pín in fún ọmọ kọ̀ọ̀kan), ọmọbìnrin pẹ̀lú ọmọkùnrin. Tí ọmọ bá wà, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò olóògbé ò sí níbẹ̀. Ìwé ṣọ́ọ̀ṣì yẹn tún fún ìyàwó ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀. Ní 2014, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ dá ẹjọ́ opó kan láti Awka tí wọ́n lé torí pé kò bí ọkùnrin, ó ní irú àṣà bẹ́ẹ̀ lòdì sí ẹ̀tọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ka òfin 2019 fún ilé ìwé, ẹ ka tibí náà.

Àgbẹ̀ Orííre:
Ẹ má pa obìnrin yìí. Ọmọ náà ò yan àìsàn. Bí wọ́n bá gba ṣọ́ọ̀bù, ta ló máa na ẹsẹ̀ ẹ̀?

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì:
Ìbéèrè tó yẹ ká dáhùn nìyẹn. Ẹgbẹ́ òbí wọn lè dá owó, àwa náà lè dá síi, mo máa kọ́kọ́ mú tèmi wá. Kó má jẹ́ pé látọwọ́ ọmọ òrukàn méjì ló ti ń wá.

Abiyamọ Òkè-Àdó:
Mo ti ń ka gbogbo ẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́. Ohun tí mi ò sọ fún yín ni pé àgbà nínú àwọn ọmọ méjèèjì ló ń ti kẹ̀kẹ́ ọmọ mi lọ sí ilé ìwé láràárọ̀. Kò tíì fi ọjọ́ kan jẹ. Lẹ́yìn tí wọ́n ti ìyá ẹ̀ jáde náà, láti Ìjérù ló ń fẹsẹ̀ rìn wá.

Mi ò tíì lè gba mááìkì. Ojú àwọn bàbá mi ń bà mí lẹ́rù, òótọ́ ni mò ń sọ. Ṣùgbọ́n owó ṣọ́ọ̀bù oṣù yìí ṣì wà nínú àpò ìránṣọ mi, mi ò tíì ná an. Agbẹjọ́rò, ṣé ìyá wọn ni kí n kó o fún, àbí kí n pín in fún àwọn ọmọ?

Agbẹjọ́rò Ilé:
Ìyá wọn mà. Ẹ jẹ́ kó buwọ́ lùwé. Mò ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín lọ́la lẹ́yìn ìsìn, ẹ wá ìwé ilé náà jáde.