Wọ́ṣà idẹ mi kì í jókòó dáadáa lẹ́nu ṣọ́kì, ẹ gbà mí o

Tọ́nà Ìsọ̀kún (Iléṣà)
Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́. Oníbàárà kan tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ gbé wọ́ṣà idẹ mẹ́fà fún mi ṣe lórí léètì, ẹ̀rọ tó ń yí iṣẹ́ kí a lè fi túùlù (irin mímú) rẹ́ ẹ. Fífẹ̀ rẹ̀ mìlímítà 110, ihò àárín 50, nínípọn 5. Ojú méjèèjì gbọ́dọ̀ tẹ́jú kí wọ́n sì dọ́gba, torí pé ara wọn ni ọ̀pá ẹ̀rọ náà yóò máa tì.

Pílétì tó nípọn ní 7 ni mo gé wọn lára rẹ̀. Ṣọ́kì eléyín mẹ́ta, ẹnu léètì tó ń di iṣẹ́ mú, ni mo ní. Mo mú iṣẹ́ náà létí, mo rẹ́ ojú kìíní, ó dán. Mo yí i padà, mo rẹ́ ojú kejì. Nígbà tí mo fi mikirómítà wọn nínípọn rẹ̀ yíká níbi mẹ́rin, ohun tí mo rí ni 5.02, 5.11, 5.23, 5.12. Mo gbé e lé gíláàsì, mo fi ìka tẹ etí kan, etí kejì gbéra, ó ń dún kọ́-kọ́-kọ́.

Mo rò pé mo ti fún ṣọ́kì jù, mo bá dẹ ọwọ́ lórí wọ́ṣà kejì. Ó já, ó fò jáde, ó gbá páànù ògiri bí ẹni yìnbọn. Ibi tí ọmọ iṣẹ́ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ni. Láti àná ni àyà mi ti ń já. Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ń mú iṣẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ báyìí?

Bàbá Léètì (Lágere, Ifẹ̀)
A dúpẹ́ pé kò ba ẹnikẹ́ni. Kí ọmọ iṣẹ́ má dúró ní ọ̀gangan ibi tí ṣọ́kì ti ń yí mọ́ láé, kó yà kúrò níbẹ̀.

Wo nọ́ńbà rẹ dáadáa. 5.02 ló kọjú sí 5.23, àwọn méjì tó wà láàárín sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Iṣẹ́ náà fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nígbà tí o yí i padà ni. Ti gíláàsì yẹn yàtọ̀: nígbà tí o fún un létí, ó yọ ikùn, o rẹ́ ikùn náà kúrò, nígbà tí o tú u sílẹ̀, idẹ padà sí ipò rẹ̀, ibi tí ikùn wà tẹ́lẹ̀ wá di kòtò. Àìsàn méjì ni, oògùn wọn kì í ṣe ọ̀kan.

Fún ti fífì, wá irin mẹ́ta tí gíga wọn dọ́gba, tì wọ́n sáàárín iṣẹ́ àti ojú ṣọ́kì, fi òòlù onígi lu iṣẹ́ náà títí irin kankan kò fi ní mì mọ́, kí o tó fún un. Yọ irin wọ̀nyẹn kí o tó tan mashíìnì! Bí o bá gbàgbé wọn síbẹ̀, àwọn náà á fò.

Fún ti ikùn, ṣe òrùka irin tó fẹ̀ ní bíi 135. Gbẹ́ àtẹ̀gùn tó jìn ní 3 sínú rẹ̀, kó gba 110 rẹ gẹ́lẹ́, kí ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn náà wà láti gbé ojú iṣẹ́ dúró. Gbẹ́ kọ̀rọ̀ rẹ̀ wọlé díẹ̀ kí ìdọ̀tí má baà gbé iṣẹ́ sókè. Lẹ́yìn náà fi ayùn irin la òrùka náà níbì kan ṣoṣo. Bí o bá fún un, yíká-yíká ni yóò di iṣẹ́ mú, kì í ṣe níbi mẹ́ta. Sàmì sí ibi tí eyín kìíní gbé mú un, kí ó máa padà síbẹ̀ nígbà gbogbo.

Ọmọ Ẹ̀rẹ̀já
Ẹ̀gbọ́n, òrùka Bàbá á ṣiṣẹ́ bí gbogbo wọn bá fẹ̀ bákan náà. Ẹ kọ́kọ́ gbẹ́ ihò 50, kí ẹ wá to mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sórí ọ̀pá kan, kí ẹ fi nọ́ọ̀tì dè wọ́n, kí ẹ rẹ́ etí gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà.

Tọ́nà Mọ́dákẹ́kẹ́
Súpà gúlù lèmi ń lò. Mú àgékù alumíníọ̀mù sí ṣọ́kì, rẹ́ ojú rẹ̀, má sì tú u kúrò níbẹ̀ mọ́. Nu ojú méjèèjì mọ́, kán gúlù sí i, lẹ wọ́ṣà mọ́ ọn, kí orí ẹ̀yìn léètì, apá tó kọjú sí ṣọ́kì, tì í fún ìṣẹ́jú mélòó kan.

Tọ́nà Ìsọ̀kún
Gúlù kẹ̀? Ṣé kò ní já?

Tọ́nà Mọ́dákẹ́kẹ́
Ó ń já bí iṣẹ́ bá gbóná tàbí tí o bá jẹ ẹ́ jìn. 0.2 péré ni kí o máa mú, kí túùlù rẹ mú ṣáṣá. Má sì jẹ́ kí orí túùlù dagun sẹ́yìn, kó tẹ́jú, torí idẹ máa ń fa túùlù wọlé. Láti tú u, rì í sínú asẹ́tóònù, omi tí wọ́n fi ń pa kúútẹ́ẹ̀sì rẹ́, títí di ọjọ́ kejì. Iná náà ń tú u, ṣùgbọ́n ìta ni kí o ti ṣe é, èéfín rẹ̀ ń ta ojú. Má gbé asẹ́tóònù sítòsí iná rárá.

Tọ́nà Ìsọ̀kún
Ẹ ṣé gan-an ni. Mo to wọn sórí ọ̀pá bí àbúrò ṣe wí, mo ṣe òrùka Bàbá, mo fi mashíìnì sí yíyí ìgbà 250 ní ìṣẹ́jú kan. Mẹ́rin ti parí. Ìyàtọ̀ tó pọ̀ jù nínú wọn ni 0.02, wọn kò sì dún lórí gíláàsì mọ́. Èyí tó gbá páànù, etí rẹ̀ ti ká kọjá àtúnṣe, mo ń lọ ra pílétì mìíràn láàárọ̀ ọ̀la.