Ẹni tó ń kó pọ́ìntì jù, ṣé òun náà ló ń gbé ife? Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ èmi àti àbúrò mi

ỌmọMọ́kọ́lá
Ẹ kú alẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ básíkẹ́ẹ̀tì ni mo gbé wá, mo mọ̀ pé bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ la sábà máa ń sọ níbí ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́ ẹ dá sí i, torí ó ti fẹ́ di ìjà nílé wa.

Àbúrò mi ọkùnrin ń gbá básíkẹ́ẹ̀tì fún dípátímẹ́ǹtì ẹ̀ nílé ìwé gíga kan n'Ìbàdàn níbí. Sátidé tó kọjá mo lọ wò ó. Ọmọ yẹn kó pọ́ìntì 34! Òun nìkan o. Gbogbo tíìmù lápapọ̀, 51 ni wọ́n ní, ìyẹn ni pé gbogbo àwọn tó kù, tó fi dórí àwọn tó ti bẹ́ǹṣì wọlé, 17 ni wọ́n jọ pín. Wọ́n sì nà wọ́n, 59 sí 51. Bá a ṣe ń bọ̀ nínú Micra láti Sángò ni mo sọ fún un pé o gbìyànjú gan-an ṣùgbọ́n o ò páàsì bọ́ọ̀lù, ha, àfi bíi pé mo bú u. Ó ní tóun ò bá jù ú ta ló fẹ́ jù ú, pé ká ní òun ò sí ńbẹ̀ ni, 59 sí 17 ni ì bá jẹ́. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ fún mi: Wilt Chamberlain kó 100 nínú máàṣì kan ṣoṣo lọ́dún 1962, Kobe kó 81 lọ́dún 2006, Luka Doncic kó 73 ní January 2024, pé ta ló rántí àwọn tí wọ́n jọ gbá a lọ́jọ́ yẹn.

Mi ò rí nǹkan kan sọ títí a fi sọ̀ ní Mọ́kọ́lá. Ìbéèrè mi rèé: ṣé ẹni tó ń dá pọ́ìntì kó ló ń ba tíìmù jẹ́ ni, àbí tíìmù tí ò rí èèyàn ló ń sọ ẹnìkan di ẹni tó ń dá gbogbo ẹ̀ ṣe? Ẹ fi àwọn ìràwọ̀ NBA, líìgì básíkẹ́ẹ̀tì Amẹ́ríkà, ṣàlàyé ẹ̀ fún mi, ìyẹn nìkan ló máa gbọ́.

BàbáÌbejì_Challenge
Ọmọ Mọ́kọ́lá, o kú ìtọ́jú àbúrò. Michael Jordan ni kó o fi hàn án, torí ara ọkùnrin kan ṣoṣo yẹn ni ìdáhùn méjèèjì wà. Ẹ̀ẹ̀mẹwàá ló jẹ́ ẹni tó kó pọ́ìntì jù ní NBA. Ẹ̀ẹ̀mẹwàá o! Mẹ́rin àkọ́kọ́, láti 1987 dé 1990, kò rí ife kankan gbé. Mẹ́fà tó kù, 1991, 92, 93, 96, 97, 98, gbogbo wọn pátá ló gbé ife. Ọdún 1987 yẹn, 37.1 ló ń kó ní máàṣì kọ̀ọ̀kan, kò tún kó tó bẹ́ẹ̀ mọ́ láyé ẹ̀, síbẹ̀ máàṣì 40 ni Bulls, tíìmù ẹ̀, borí, wọ́n pàdánù 42, Boston sì lé wọn lọ sílé 3-0. Kódà lọ́dún tó ṣáájú ẹ̀ ó kó 63 sórí Boston yìí kan náà nínú pléọ́ọ̀fù, ìyẹn ìfigagbága ife lẹ́yìn sáà, wọ́n ṣì pàdánù, 135 sí 131.

Kí ló wá yí padà? Scottie Pippen àti Horace Grant dé lọ́dún 1987 yẹn lẹ́yìn tí sáà ti parí, ọmọ kékeré ni wọ́n nígbà yẹn, wọ́n wá gbó sí i. Phil Jackson di kóòṣì lọ́dún 1989, òun àti Tex Winter tó jẹ́ igbákejì ẹ̀ gbé ètò onígun mẹ́ta lé wọn lọ́wọ́, ètò tó jẹ́ pé bọ́ọ̀lù ò gbọdọ̀ sùn lọ́wọ́ ẹnìkan. Lọ́dún tí ife àkọ́kọ́ wọlé, 31.5 ni Jordan ń kó, òun náà ló ṣì pọ̀ jù ní gbogbo líìgì, àmọ́ ó ti yọ̀ǹda bíi 6 nínú 37 yẹn fáwọn èèyàn ẹ̀.

Wilt tí àbúrò ẹ dárúkọ náà, sáà tó kó 100 yẹn, 50.4 ló ń kó ní máàṣì kọ̀ọ̀kan, mo ní àádọ́ta! Boston ti Bill Russell ló já wọn bọ́. Lọ́dún 1967 tó wá gbé ife àkọ́kọ́, 24.1 ló ń kó, kò tó ìdajì tàtijọ́, ó ti ń páàsì nígbà yẹn. Russell tí kò fìgbà kan kó pọ́ìntì tó o, ife 11 ló gbé láàárín sáà 13.

Kẹ́mi_Bódìjà
Bàbá wa, ẹ kú iṣẹ́ àlàyé sà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n ta kò yín díẹ̀. Ẹ ń sọ ọ́ bíi pé ìgbà tí Jordan dín tiẹ̀ kù ni ife dé. Rárá sà, ó rí èèyàn ni! Ta ni kó páàsì sí lọ́dún 1987 tí Pippen ò tíì dé?

Kobe ni kẹ́ ẹ wò. Alẹ́ tó kó 81 yẹn, Toronto ló wà níwájú tẹ́lẹ̀, pọ́ìntì 14 ni wọ́n fi ju Lakers, tíìmù ẹ̀, lọ nígbà tí wọ́n lọ sinmi. Kobe wá kó 55 ní ìdajì kejì, Lakers sì borí 122 sí 104. Tó bá ti ń páàsì kiri lálẹ́ ọjọ́ yẹn wọ́n á nà wọ́n ni, kò sí àní-àní. Sáà yẹn 35.4 ló ń kó, òun ló pọ̀ jù, Phoenix sì lé wọn dànù ní ìpele àkọ́kọ́, lẹ́yìn tí Lakers ti wà níwájú 3-1. Gbogbo ayé ní ọ̀kánjúwà ni. February 2008 ni Pau Gasol dé bá a ní Lakers, wọ́n gbé ife 2009, wọ́n gbé ti 2010, Kobe ń kó bíi 27. Ọwọ́ ẹ̀ ò yí padà, àwọn tó yí i ká ló yí padà.

Mo tún fẹ́ sọ tàwọn obìnrin, torí wọn kì í sábà dárúkọ wa. Àríkẹ́ Ògúnbọ̀wálé tó jẹ́ orúkọ ilé wa gan-an, Dallas Wings ló wà lọ́dún 2020 nígbà tó kó pọ́ìntì jù ní gbogbo WNBA, líìgì àwọn obìnrin, 22.8. Dallas ò dé pléọ́ọ̀fù rárá. Ṣé a máa wá sọ pé Àríkẹ́ ló ba tíìmù jẹ́ ni? A'ja Wilson gbé ife 2022 àti 2023 fún Las Vegas Aces, nígbà tó wá di 2024 ó kó ju àtẹ̀yìnwá lọ, 26.9, òun ló kọ́kọ́ kọjá pọ́ìntì 1,000 nínú sáà kan, New York Liberty ló gbé ife. Ẹ fi àbúrò yẹn sílẹ̀ jọ̀ọ́, ó ṣiṣẹ́!

Olúyọ̀lé_Warriors
Ẹlẹ́sẹ̀ ni mo mọ̀ jù àmọ́ ẹ jẹ́ n sọ tèmi. Ràṣídì Yẹkíní tó gbá bọ́ọ̀lù fún 3SC wa yìí, góólù 5 ló jẹ ní AFCON 1994, òun ló pọ̀ jù, a sì gbé ife. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá rántí àṣekágbá yẹn dáadáa, Amuneke ló jẹ góólù méjèèjì tá a fi na Zambia 2-1. Ọjọ́ tí wọ́n dì mọ́ Ràṣídì, ẹlòmíì wà ńbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n_ÒkèÀdó
Ọ̀rọ̀ Olúyọ̀lé_Warriors yìí gan-an ló wà níbẹ̀. Mo gbá básíkẹ́ẹ̀tì ju ọdún mẹ́wàá lọ kí orúnkún tó ní ó tó, ibi tá a ṣì ń pè ní Liberty Stadium yẹn la ti ń fi àárọ̀ kùtù tiréènì, ẹ jẹ́ n sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí pápá.

Ọmọ wa Hakeem Ọlájùwọ́n ni kẹ́ ẹ wò, ọmọ bíbí Èkó, tó lọ sí Houston. Lọ́dún 1994 kì í ṣe òun ló kó pọ́ìntì jù. David Robinson ti San Antonio ni. Ọjọ́ tí sáà máa parí, Robinson àti Shaq ló ń lé ara wọn, àwọn ẹlẹgbẹ́ Robinson wá ń kó bọ́ọ̀lù fún un ṣáá títí ó fi kó 71 sórí Clippers, ó gba ipò yẹn pẹ̀lú 29.8. Ó dáa. Utah Jazz lé wọn lọ sílé ní ìpele àkọ́kọ́. Hakeem tó ń kó 27.3, òun ló gbé ife, òun ni MVP (agbábọ́ọ̀lù tó dáa jù ní sáà), òun ni wọ́n ní ó mọ ilé ṣọ́ jù, òun náà tún ni MVP àṣekágbá. Kò tíì sí ẹlòmíì tó gba oyè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn nínú sáà kan títí dòní.

Nígbà tó wá di 1995 òun àti Robinson kojú ara wọn. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún Robinson ní MVP ni. Hakeem kó bíi 35 ní máàṣì kọ̀ọ̀kan lórí ẹ̀, Houston borí 4-2. Kẹ́mi, ó ń kó pọ́ìntì rẹpẹtẹ kò sì ba tíìmù jẹ́! Ìdí ni pé tí ẹnì kejì bá ti wá dì mọ́ ọn, bọ́ọ̀lù ti kúrò lọ́wọ́ ẹ̀ nìyẹn. Ẹ rò ó wò: èèyàn márùn-ún ni wọ́n, tí méjì bá wà lára ẹ, mẹ́ta ló kù tó ń ṣọ́ mẹ́rin, ẹnìkan gbọ́dọ̀ dá wà níbì kan. Ọjọ́ àkọ́kọ́ àṣekágbá 1995 pẹ̀lú Orlando, Kenny Smith ló dá wà, ó ju bọ́ọ̀lù olópọ́ìntì mẹ́ta láti òkèèrè wọlé lẹ́ẹ̀méje, wọ́n borí 120 sí 118.

Nítorí náà Ọmọ Mọ́kọ́lá, 34 yẹn ò sọ nǹkan kan fún mi. Ẹ̀ẹ̀melòó ló jù ú kó tó kó 34? Ìgbà wo ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi èèyàn méjì ṣọ́ ọ? Lọ kà á wá.

ỌmọMọ́kọ́lá
Ẹ̀gbọ́n, mo ti kà á sà. Ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan fi fóònù ká gbogbo máàṣì yẹn, èmi àti ẹ̀ la jọ jókòó wò ó lálẹ́ àná kí wọ́n tó mú iná lọ.

Ó ju bọ́ọ̀lù 37, 13 ló wọlé, àwọn tó kù ti fírí-tiró, ìjù ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń fúnni tí wọ́n bá ṣe fáòlù síni, wá. Nígbà tí wọ́n lọ sinmi tíìmù tiwọn ló wà níwájú, 33 sí 27, òun ti kó 24. Wọ́n wá fi èèyàn méjì tì í látìgbà tí wọ́n padà wọlé, 10 péré ló rí kó, ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó gbẹ̀yìn 2 ni. Ohun tó dùn mí jù ni ọmọ gíga kan tó máa ń dúró sí kọ̀rọ̀ apá ọ̀tún. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni ọmọ yẹn dá wà tó na ọwọ́ sókè. Mo kà á. Ẹ̀ẹ̀mẹfà, bọ́ọ̀lù ò dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Àbúrò mi rí i, ó dákẹ́. Ó wá ní "ọmọ yẹn kì í jù ú wọlé".

Kẹ́mi_Bódìjà
Ṣé wọ́n ti fún un jù rí ni? Ó dáa, mo gbà, ẹ̀ẹ̀mẹfà ti pọ̀ jù. Àmọ́ ìdajì àkọ́kọ́ yẹn, òun ló gbé wọn dé 33, ẹ má gba ìyẹn lọ́wọ́ ẹ̀ o.

Ẹ̀gbọ́n_ÒkèÀdó
A ò gbà á. Ìdajì àkọ́kọ́ ó ṣe ohun tó yẹ, kejì ni wọ́n bi í ní ìbéèrè tuntun tó sì ń fún wọn ní ìdáhùn àná.

Shai Gilgeous-Alexander ni kó o fi hàn án báyìí, tòde òní nìyẹn. Sáà tó parí lọ́dún 2025, 32.7, òun ló pọ̀ jù, Oklahoma City borí máàṣì 68, wọ́n gbé ife. Látìgbà tí Jordan ti ṣe é kẹ́yìn lọ́dún 1998, Shaq nìkan ló ṣe irú ẹ̀ ṣáájú ẹ̀, lọ́dún 2000. Máàṣì karùn-ún àṣekágbá pẹ̀lú Indiana, Shai kó 31, Jalen Williams tí wọ́n jọ wà kó 40! Ọjọ́ yẹn kọ́ ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fún Jalen ní bọ́ọ̀lù, wọ́n ti ń fún un látọjọ́ pípẹ́, ìgbà tó ń pàdánù náà wọ́n ń fún un.

Kí òun àti ọmọ gíga yẹn lọ sí pápá láàárọ̀, àwọn méjì péré. Kí àbúrò ẹ máa páàsì, kí ọmọ yẹn máa ti kọ̀rọ̀ yẹn jù ú, ọgọ́rùn-ún lójúmọ́. Kí òun fúnra ẹ̀ máa ka iye tó wọlé.

BàbáÌbejì_Challenge
Ẹ̀gbọ́n Òkè-Àdó, o ṣeun. Ka iye tó wọlé, ìyẹn wù mí.

ỌmọMọ́kọ́lá
Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ka gbogbo ẹ̀ fún un. Ó ti pe ọmọ yẹn, Àgbọwọ́ ló ń gbé, aago mẹ́fà àárọ̀ Ọjọ́rú ni wọ́n jọ fi àdéhùn sí, ó ní kí n wá máa gbé bọ́ọ̀lù fún wọn. Bọ́ọ̀lù tá a ní nílé ti ń jò, ẹni tó bá mọ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ojúlówó ní Dùgbẹ̀ tàbí Mọ́kọ́lá níbí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ júwe ẹ̀ fún mi kó tó di ọ̀la.