Ọkọ̀ wo ló yẹ oko wa ní Kwali, tí a bá ro ti àwọn ọmọ mọ́ ọn?

Ìyá Ìbejì:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbẹ̀ ẹlẹgbẹ́ mi. Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, torí èmi àti bàbá àwọn ọmọ ti sọ ọ́ títí, ibì kan náà la ṣì wà.

Gwagwalada là ń gbé. Oko wa wà lẹ́yìn Kwali. Téèyàn bá ti yà kúrò lórí títì Lokoja, kìlómítà mẹ́ta gbáko ló máa rìn lórí ọ̀nà amọ̀ kó tó débẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ agbègbè yẹn á mọ amọ̀ tí mò ń sọ. Irú rẹ̀ ni Ladi Kwali fi mọ ìkòkò títí tí àwòrán rẹ̀ fi dé ẹ̀yìn owó náírà 20. Ìkòkò ló dára fún. Bí òjò bá ti rọ̀ sí i, mọ́tò kékeré wa ò lè gbà á kọjá. Láti oṣù Keje títí oṣù Kẹwàá á fi parí, etí títì la ń gbé mọ́tò sí, ọ̀kadà ló ń bá wa kó ẹrù wọlé.

Adìyẹ ẹlẹ́yin 400 ló wà lóko náà, ewúrẹ́ 16, àgbàdo, àti iṣu díẹ̀. Ọmọkùnrin Gbágyì kan ló ń bá wa gbébẹ̀, ọjọ́ Jímọ̀ nírọ̀lẹ́ làwa ń lọ, a ń padà lọ́jọ́ Àìkú. Adìyẹ 400 ń jẹ tó báàgì méjì oníkílò 25 lójúmọ́, ìyẹn báàgì 14 lọ́sẹ̀. Tí wọ́n bá ń yé dáadáa, kíréètì ẹyin mẹ́wàá ló ń jáde lójúmọ́. Omi wọn tún ń lọ sí kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 mẹ́rin, bí oòrùn oṣù Kẹta bá dé ó lè di mẹ́fà, mi ò tíì ka ti ewúrẹ́. Ìsàlẹ̀ oko ni kànga wa wà, òkè nilé adìyẹ wà.

Ọmọ mẹ́ta ni mo bí. Táíwò àti Kẹ́hìndé jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún, Ìdòwú jẹ́ ọmọ ọdún méjì. Mi ò ní ẹni tí mo lè fi wọ́n sílẹ̀ fún lópin ọ̀sẹ̀, bí mo bá tiẹ̀ ní, mo fẹ́ kí wọ́n mọ oko. Táíwò ló ń bá mi to ẹyin báyìí. Ó máa ń gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan sétí bíi pé ó fẹ́ gbọ́ nǹkan nínú rẹ̀, kó tó rọra tẹ́ ẹ sínú kíréètì.

Ohun tó gbé mi dé ibí nìyí. Ní oṣù Kẹjọ tó kọjá, a yá kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń kẹ́rù lọ́wọ́ aládùúgbò. A kó báàgì oúnjẹ adìyẹ mẹ́jọ sí i lẹ́yìn, mo sì gbé àwọn ìbejì jókòó sórí báàgì, torí bẹ́ẹ̀ ni mo rí i tí gbogbo ayé ń ṣe. Nígbà tí a dé ibi tí àgbàrá ti wa ọ̀nà, táyà ọ̀tún rì, báàgì yọ̀, Kẹ́hìndé sì bọ́ sí àárín báàgì àti irin ẹ̀gbẹ́. Báàgì méjì ló wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ nígbà tí mo máa fi bẹ́ sílẹ̀. Eegun ò ṣẹ́, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ méjì ló fi tiro. Èmi ni mo gbé e síbẹ̀. Kì í ṣe ẹlòmíì.

Owó kọpurétíìfù tí a fẹ́ gbà, ọkọ̀ kan ló lè rà. Nǹkan mẹ́ta ló wà níwájú wa. Kẹ̀kẹ́ akẹ́rù tuntun, kí owó díẹ̀ ṣẹ́kù sọ́wọ́. Píkọ́ọ̀pù onílẹ̀kùn mẹ́rin, bíi Hilux tó ti pẹ́ díẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ọkọ̀ oko kékeré tí àwọn òyìnbó ń lò, èyí tó ní táyà fífẹ̀ mẹ́rin, irin lókè orí, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀, àpótí ẹrù rẹ̀ sì ń dà sẹ́yìn. Ẹnì kan ń ta irú rẹ̀ kan, Kawasaki Mule, ní Abuja, ọkàn Bàbá Ìbejì sì ti lọ síbẹ̀ gan-an. Ẹ̀yin tí ẹ ń kó ọmọ kékeré lọ sóko, kí lẹ ń lò? Ibo gan-an lẹ ń gbé ọmọ sí nínú rẹ̀?

Àgbẹ̀ Kuje:

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ewu ọmọ o. Irú rẹ̀ ò ní ṣẹlẹ̀ mọ́.

Kẹ̀kẹ́ akẹ́rù ni mo fi ń ṣiṣẹ́ ní Kuje láti ọdún mẹ́sàn-án, mi ò sì ní bú u. Kò sí ìkóríta tí ẹ ò ní rí ẹni tó lè tún un ṣe, sípéà rẹ̀ wà lọ́jà gbogbo, kì í sì í mu epo púpọ̀. Látọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023 tí wọ́n ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, ọ̀rọ̀ epo kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré fún àgbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹrù ni wọ́n ṣe é fún. Táyà kan ló wà níwájú. Bí ẹrù bá ga lẹ́yìn, tí awakọ̀ sì yí ọwọ́ lójijì, táyà ẹ̀yìn kan á gbéra nílẹ̀, ó parí nìyẹn. Mo rí ọ̀kan tó dojú dé lọ́nà Rubochi tòun ti iṣu tó kó. Awakọ̀ rẹ̀ bẹ́ jáde. Ọmọ ọdún márùn-ún ò lè bẹ́ jáde. Àwọn ọmọ-ọmọ mi kì í gun tèmi, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn tí wọ́n bá wá kí mi lóko, bí wọ́n tilẹ̀ sunkún.

Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ wá nǹkan ṣe sí ọ̀rọ̀ omi. Lítà 100 omi, kílò 100 ni, lójoojúmọ́ ayé. Kí ni ọkọ̀ fẹ́ máa gbé ìyẹn gun òkè fún? Ẹ gbé táǹkì onílítà 1,000 sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé adìyẹ, kí ẹ ra pọ́ńpù kékeré àti rọ́bà tó máa fà á látinú kànga. Ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ lẹ máa tan ẹ́ńjìnnì. Táǹkì yẹn bá kún, tọ́ọ̀nù kan ni, torí náà búlọ́ọ̀kù ni kí ẹ mọ fún un, ẹ má gbé e lé pákó. Kànga náà ńkọ́, ṣé ó ní ìdérí tó ní kọ́kọ́rọ́? Ẹ má bínú sí mi o, mo ní láti béèrè.

Tí omi bá ti kúrò nínú iṣẹ́ ọkọ̀, ẹ ó rí i pé oúnjẹ adìyẹ àti ẹyin ló kù, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, láti Gwagwalada sí oko àti láti oko sí Gwagwalada. Orí títì lèyí tó pọ̀ jù nínú ìrìn yẹn.

Mẹkáníìkì Suleja:

Bàbá ti sọ̀rọ̀ omi dáadáa. Ẹ jẹ́ kí èmi sọ ti irin.

Mule kì í ṣe ọkọ̀ burúkú. Kì í sáré púpọ̀, mo fẹ́ràn ìyẹn fún oko tí ọmọ wà. Lórí ilẹ̀ rírọ̀, táyà rẹ̀ fífẹ̀ kì í tètè rì. Ṣùgbọ́n bẹ́líìtì ló ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì lọ sí táyà. Bí omi bá wọ ibi tí bẹ́líìtì yẹn wà, á máa yọ̀, ọkọ̀ ò ní lọ. Tí ọyẹ́ bá tún dé, eruku tó ń fẹ́ bọ̀ láti Sàhárà á dí fílítà afẹ́fẹ́ rẹ̀, ẹ ní láti máa ṣí i wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọ̀kan wá sọ́wọ́ mi lọ́dún tó kọjá tí bẹ́líìtì rẹ̀ já. Oṣù méjì gbáko la fi ń retí òmíì láti Èkó, ọlọ́kọ̀ ń fi bárò kó ẹrù. Kò sì ṣe é gbé sórí títì Lokoja láàárín àwọn tírélà. Ta ló máa wá gbé báàgì 14 láti Gwagwalada?

Tó bá jẹ́ píkọ́ọ̀pù lẹ mú, ẹ má wo bí ara rẹ̀ ṣe ń dán. Ẹ wọ abẹ́ rẹ̀. Ẹ mú òòlù kékeré dání, kí ẹ máa fi kan ṣáásí, irin gígùn tó gbé ara ọkọ̀ dúró, díẹ̀díẹ̀, pàápàá níbi tí sípíríǹgì ẹ̀yìn ti so mọ́ ọn. Irin tó dára á dún gan-an. Èyí tó ti dógùn-ún á dún bíi agolo, òòlù sì lè wọlé sínú rẹ̀. Ẹlòmíì ti fi ọ̀dà dúdú kùn ún kí ẹ má baà rí i. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e lọ sórí ilẹ̀ rírọ̀, ẹ ki jíà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, èyí tó ń jẹ́ kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa fà, kí ẹnì kan dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ wo táyà iwájú bóyá ó ń fà. Ọ̀pọ̀ ló ní ọ̀pá jíà náà, tí kò sì ṣiṣẹ́ mọ́. Tó bá ń ṣiṣẹ́, ẹ yọ ọ́ tí ẹ bá ti padà sórí ọ̀nà ọlọ́dà, ẹ má fi sá eré lórí títì.

Ti ẹyin: sípíríǹgì ẹ̀yìn àwọn ọkọ̀ yìí le gan-an tí kò bá sí ẹrù lórí rẹ̀. Ẹ to kíréètì mọ́ ẹ̀yìn kábíìnì, ẹ má to ó síbi ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn, ibẹ̀ ló ń gbọ̀n jù.

Nọ́ọ̀sì Minna:

Màmá Ìbejì mi, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ Kẹ́hìndé jẹ yín lọ́kàn kọjá bó ṣe yẹ. Ẹ ti gbọ́ ohun tó sọ fún yín, ìyẹn náà tó.

Ní ti ọkọ̀ oko ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣíṣí yẹn, àwọn tó ṣe é fúnra wọn lẹ ìkìlọ̀ mọ́ ọn lára: ẹni tó bá máa wọ̀ ọ́ gbọ́dọ̀ lè fẹ̀yìn ti ìjókòó, kí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀ ọkọ̀, kí ọwọ́ rẹ̀ dé ibi ìdìmú. Ìdí rẹ̀ ni pé bí ọkọ̀ bá fẹ́ ṣubú, ẹsẹ̀ lèèyàn fi ń ti ara rẹ̀ dúró sábẹ́ irin òkè orí yẹn. Ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń jù dìrọ̀dìrọ̀ á yọ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́, irin tó yẹ kó gbà á là á wá ṣubú lé e. Ẹ má sọ pé ẹ ó gbé Ìdòwú lé itan. Ọwọ́ ìyá ò lágbára tó ọkọ̀ tó ń yí.

Nínú píkọ́ọ̀pù, ìjókòó ẹ̀yìn ni kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà. Ẹ wo ìgbànú rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì sábà máa ń gba èjìká àti ikùn, ti àárín nínú ọkọ̀ àtijọ́ lè jẹ́ ti ikùn nìkan. Àga tí wọ́n fi ń gbé ọmọ ga sókè nílò ìgbànú tó gba èjìká, nítorí náà àwọn ìbejì ni kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìdòwú ni kí ẹ fi sáàárín, nínú àga ọmọ tó ní ìgbànú tirẹ̀, irú rẹ̀ tí ìgbànú ikùn lè dè mọ́lẹ̀.

Ohun tó ń dẹ́rù bà mí jù ni mo fi sẹ́yìn. Ọmọ ọdún méjì tó dúró lẹ́yìn píkọ́ọ̀pù, awakọ̀ ò lè rí i rárá nínú dígí. Nínú ọgbà ilé ló ń ṣẹlẹ̀, ọwọ́ bàbá tàbí ìyá gan-an, nígbà tí wọ́n bá ń fi ọkọ̀ sẹ́yìn. Ẹ yan ibì kan lóko tí ọmọ máa wà tí ẹ́ńjìnnì bá ti dún, kó ní ọgbà àti géètì. Ẹnì kan á di Ìdòwú mú kí ọkọ̀ tó sún. Kọ́kọ́rọ́ ò gbọdọ̀ wà nínú ọkọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú kan péré.

Ìyá Ìbejì:

Bàbá, ẹ̀gbọ́n Suleja, àǹtí nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun gan-an. Bàbá, kànga wa ní ìdérí, kò ní kọ́kọ́rọ́. Ó ti ní báyìí.

A lọ wo Mule náà ní Sátidé. Ọkọ̀ tó wuni ni lóòótọ́. Mo ní kí Táíwò jókòó, kó fẹ̀yìn tì dáadáa. Àlàfo tó wà láàárín bàtà rẹ̀ àti ilẹ̀ ọkọ̀ gùn tó àtẹ́lẹwọ́ mi láti ọrùn ọwọ́ dé orí ìka. Bàbá Ìbejì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ẹsẹ̀ ọmọ náà, ó dìde, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn, a sì jáde. Kò tún dárúkọ rẹ̀ látìgbà náà.

Píkọ́ọ̀pù méjì la ti wò. Mo mú òòlù lọ. Ti àkọ́kọ́ dún bíi agolo lábẹ́ ọ̀dà tuntun, ẹni tó ń tà á ní kí n má fi irin ba ọkọ̀ òun jẹ́. A fi í sílẹ̀. Ẹlẹ́ẹ̀kejì dún dáadáa, táyà iwájú rẹ̀ ń fà, ìgbànú ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ń ṣiṣẹ́, ti àárín jẹ́ ti ikùn bí àǹtí ṣe sọ. Èyí la fẹ́ rà tí owó bá jáde. Nínú oko, bárò àti ẹsẹ̀ wa á tó wa, nígbà tí táǹkì bá ti wà.

Kẹ́hìndé kọ̀, kò wọ̀ ọ́. Ó dúró síbi ìlẹ̀kùn, ó bi mí pé, "Mọ́mì, báàgì ńkọ́?" Mo gbé e yí lọ sẹ́yìn, mo fi ògiri irin tó wà láàárín kábíìnì àti ibi ẹrù hàn án. Ó fi ẹ̀ṣẹ́ kékeré kàn án lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ló tó wọlé lọ jókòó.

Ó ku nǹkan méjì tí mò ń wá. Wẹ́dà tó mọṣẹ́ ní Gwagwalada, tó lè ṣe irin tó máa di báàgì mú kó má yọ̀ sí dígí ẹ̀yìn. Àti ibi tí mo ti lè rí àga ọmọ onígbànú ní Abuja, èyí tí kò tíì bá ọkọ̀ jàǹbá rí. Ẹni tó bá mọ̀, ẹ jọ̀ọ́, kó kọ ọ́ síbí fún mi.