Ẹ gbà mí o: yàrá tí mo yà lórí kọ̀ǹpútà ti kéré nílẹ̀!

Ọmọ Mápó (Leeds): Ẹ̀yin àgbà, ẹ dákun. Èmi fúnra mi ni mo ya pílánù ilé oníyàrá mẹ́ta tí a fẹ́ kọ́ sí Akóbọ̀, orí sọ́fítíwíà Sweet Home 3D ni mo ti yà á. Gbogbo yàrá ni mo fi sí mítà 3.6, ó kù díẹ̀ kó pé ẹsẹ̀ bàtà 12. Bíríkìlà ti ta okùn, wọ́n ti gbẹ́ ilẹ̀ tán, àbúrò mi wá fi téèpù wọ̀n ọ́n láàárọ̀ yìí. Ó ní tí wọ́n bá to búlọ́ọ̀kù, ẹsẹ̀ bàtà 11 ló máa kù nínú yàrá. Ọ̀la ni wọ́n fẹ́ da kọ́ńkéré. Ṣé kí n dá wọn dúró ni àbí kí wọ́n máa bá iṣẹ́ lọ?

Ìyá Ìbejì (Houston): Àbúrò, dá wọn dúró. Okùn ṣeé tú, kọ́ńkéré ò ṣeé kó. Ṣé o yí nínípọn ògiri padà kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí í yà á? Sẹ̀ǹtímítà 7.5 ló máa ń wà níbẹ̀ tí èèyàn ò bá fọwọ́ kàn án. Búlọ́ọ̀kù íńṣì mẹ́sàn-án tiwa, 22.5 ni, a ò tíì rẹ́ ẹ.

Ọmọ Mápó (Leeds): Àǹtí mi, mi ò yí nǹkan kan padà o.

Bọ̀dá Onírúlà (Peckham): Ibẹ̀ ló ti bà jẹ́. Gígùn ògiri tí o tẹ̀, láti àárín ògiri dé àárín ògiri ni sọ́fítíwíà ń kà á, kì í ṣe inú yàrá. Mìlímítà 3600, yọ 225 ti búlọ́ọ̀kù, ó ku 3375. Tí wọ́n bá wá fi símẹ́ǹtì rẹ́ ẹ ní 15 lápá ọ̀tún, 15 lápá òsì, 3345. Kò pé ẹsẹ̀ bàtà 11 mọ́. Ohun tó ṣe mí ní Ṣàgámù nìyẹn. Wọ́dúróòbù tí mo kó sínú kọ̀ǹténà láti ibí, nígbà tó délé, kò wọ àyè ẹ̀. Kápẹ́ńtà fi ayùn gé e lójú ìyàwó mi.

Nínú sọ́fítíwíà náà, yan gbogbo ògiri pọ̀, yí nínípọn wọn sí sẹ̀ǹtímítà 22.5. Yàrá á kéré lójú ẹ, má bẹ̀rù. Ìgbà yẹn ni kí o wá máa sún ògiri títí inú yàrá á fi pé 3.6.

Àdùnní (Toronto): Tèmi burú jù yẹn lọ. Mo kọ 10.11 fún kíṣìnì, ẹsẹ̀ bàtà 10 àti íńṣì 11 ló wà lọ́kàn mi. Ẹsẹ̀ bàtà 10 àti íńṣì kan lé díẹ̀ ni sọ́fítíwíà kà á sí. Wọ́n gé òkúta orí kábínẹ́ẹ̀tì, ó kù díẹ̀ kó fi íńṣì 10 kúrú. Òkúta kì í ṣe aṣọ tí èèyàn lè fi díẹ̀ kún létí. Ẹ máa fi mìlímítà ṣe é, ẹ jọ̀ọ́, kò sí pọ́ńtì níbẹ̀ rárá.

Fóòmánù (Dublin): Ẹ má dá iṣẹ́ kankan dúró. Kòtò ìpìlẹ̀ tí a máa ń gbẹ́ fẹ̀ tó mìlímítà 675, búlọ́ọ̀kù ò ju 225 lọ. Kí wọ́n da kọ́ńkéré wọn, kí wọ́n sún búlọ́ọ̀kù síta ní íńṣì 3. Ó tán.

Bọ̀dá Onírúlà (Peckham): Kò tán o! Àárín kọ́ńkéré ni búlọ́ọ̀kù ń jókòó sí. Tó bá fì sápá kan, apá yẹn ni ẹrù ilé máa tẹ̀ jù, ògiri á sì là. Ògiri àárín wá ńkọ́? Tí o bá sún un fún yàrá yìí, o ti jí i nínú yàrá kejì nìyẹn.

Fóòmánù (Dublin): Ẹ̀gbọ́n, ọwọ́ mi yìí ni mo fi kọ́lé n'Íkòròdú kí n tó débí. Íńṣì 3 ò wó ilé.

Ìyá Ìbejì (Houston): Ilẹ̀ ò rí bákan náà níbi gbogbo. Ẹ̀ńjíníà tó bá fojú rí ilẹ̀ Akóbọ̀ yẹn ló lè sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀. Àbúrò, ta ló tẹ òǹtẹ̀ sí pílánù náà? Ẹni tí ARCON, àjọ tó ń forúkọ àwọn ayàwòrán-ilé sílẹ̀ ní Nàìjíríà, mọ̀ ni àbí?

Ọmọ Mápó (Leeds): Ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n mi kan ló ní òun máa bá mi tẹ̀ ẹ́ tó bá yá.

Àdùnní (Toronto): Háà! Tó bá yá kẹ̀?

Bọ̀dá Onírúlà (Peckham): Wá ẹni tó níwèé-ẹ̀rí lónìí. Tí pílọ́ọ̀tì yẹn bá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100, mítà 15 sí 30 ni. Yàrá mẹ́ta tó tò tẹ̀ lé ara wọn, tí o bá fi mìlímítà 225 kún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ilé ti fi nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà méjì lé díẹ̀ sún mọ́ fẹ́ǹsì. Ìjọba ń wo àyè yẹn.

Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ bàtà 11 tí ẹ ń sunkún lé lórí yìí, ààfin ni ní London. Nínú ilé tí àwọn tí kì í ṣe ẹbí kan náà jọ ń gbé níbí, yàrá tí àgbàlagbà kan máa sùn tó bá ti pé mítà onígun mẹ́rin 6.51, òfin gbà á.

Ìyá Ìbejì (Houston): Ibi tí mò ń kó bàtà sí fẹ̀ jùyẹn lọ. Ẹ kó wá sọ́dọ̀ wa.

Bọ̀dá Onírúlà (Peckham): Kí n wá máa wakọ̀ lọ ra iyọ̀? Ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn dé Rye Lane, mo ti ra èlùbọ́, pọ̀nmọ́ àti ṣọkọ kí ẹ tó rí ibi tí ẹ máa páàkì sí.

Ìyá Ìbejì (Houston): Ẹ gbà á, ẹ ti borí. Ilé mi ní balùwẹ̀ mẹ́ta, kò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀dẹ̀dẹ̀ la ti ń yan àgbàdo, ibẹ̀ la ti ń kí gbogbo ẹni tó ń kọjá. Níbí, èèyàn lè gbé ọ̀sẹ̀ kan kó má kí aládùúgbò.

Ọmọ Mápó (Leeds): Màmá mi ni mò ń kọ́ ọ fún. Fẹ̀rándà nìkan ni wọ́n ní kí n má gbàgbé. Mo fi sí mítà 1.2.

Fóòmánù (Dublin): 1.2! Àga kan ti gbà á tán. Fi sí 2.4, kí àwọn ọmọ-ọmọ ríbi jókòó.

Àdùnní (Toronto): Ẹ má kan sílíìnì sábẹ́ òrùlé fẹ̀rándà yẹn o. Páànù tó nípọn tó mìlímítà 0.55 ni kí ẹ rà, 0.45 ti tẹ́ẹ́rẹ́ jù. Yìnyín ni mò ń wò lójú fèrèsé báyìí, kò tiẹ̀ ń pariwo. Òjò orí páànù ń wù mí í gbọ́.