Èsì lórí «pẹpẹ iwin omi»: ta ní í jẹ́ ẹ̀jẹ́ fún iwin?

Ẹ̀gbọ́n, mo kí yín o. Mo ka ìtumọ̀ tí ẹ ṣe sí àwọn òkúta tí àwọn ará Róòmù gbé kalẹ̀ fún «nymphae» (àwọn ẹ̀mí obìnrin tí wọ́n gbà pé wọ́n ń gbé inú omi) lẹ́bàá omi ní ìgbèríko ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. «Pẹpẹ iwin omi» lẹ pè wọ́n. «Iwin» yẹn ò jẹ́ kí n sùn.

Inú ìrókò àti inú igbó là ń bá iwin. Ẹni tó bá pàdé rẹ̀, eré ní í sá. Ta lẹ gbọ́ pé ó jẹ́ ẹ̀jẹ́ fún iwin rí? Ẹ wo Carrawburgh, lẹ́bàá Odi Hadrian tí àwọn ará Róòmù mọ sí àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí John Clayton wa ìsun ibẹ̀ ní 1876, owó onírin tí wọ́n bá níbẹ̀ lé ní 13,000, yàtọ̀ sí àwọn pẹpẹ. Ọmọ Jámánì kan, Maduhus, ló gbé ọ̀kan kalẹ̀, «dea» (òrìṣà obìnrin) àti «nimfa» (ọ̀kan nínú àwọn nymphae) ló sì pe Coventina, ẹni tó ni ìsun náà, lórí òkúta kan ṣoṣo. Ẹni tí a ń kó owó fún, tí a ń jẹ́ ẹ̀jẹ́ fún, òrìṣà là ń pè é. «Òrìṣà ìsun» ni tèmi.

Èkejì ni VSLM ìsàlẹ̀ òkúta, ìkékúrú ọ̀rọ̀ Látìn «votum solvit libens merito». Ẹ kọ ọ́ pé «ó san ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tinútinú». Ẹ̀jẹ́ ni, Ẹ̀gbọ́n! Ohùn òkè ló gbẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ fa ohùn yẹn wálẹ̀, ẹ sì da ẹ̀jẹ̀ sórí òkúta ẹni tó wá dúpẹ́.

Ní Carvoran, lẹ́bàá odi yẹn kan náà, Vettia Mansueta àti Claudia Turianilla ọmọ rẹ̀ obìnrin ló jọ gbé pẹpẹ tiwọn kalẹ̀ fún nymphae. Tìyátọmọ létí omi. Màmá àgbà mi ló wá sí mi lọ́kàn. Wọn kì í ki igbá bọ ìsun abúlé wa láìkọ́kọ́ kí i, wọn ò sì pe ohun tí wọ́n ń kí ní iwin lójú mi rí.

Ọ̀gá tó ní ká fi «ojúbọ» rọ́pò «pẹpẹ» nítorí pé èdè Bíbélì ni «pẹpẹ», mi ò gbà. Ibi tí a ti ń bọ ni ojúbọ. Gbogbo etí ìsun yẹn ni ojúbọ, òkúta ibẹ̀ ni pẹpẹ. Pẹpẹ amọ̀ wà nílé bàbá mi, orí rẹ̀ ni wọ́n ń to ìkòkò sí. Ọ̀gá, ẹ ní ọgbọ̀n ọdún lẹ fi kọ́ni lédè. Mo bọ̀wọ̀ fún un, ṣùgbọ́n ẹ tú «ojú» àti «bọ» palẹ̀ fún wa ná.

Òkúta ìlú Chester nìkan ló ṣì ń yọ mí lẹ́nu. «Nymphis et Fontibus» ni Líjíọ̀nù Ogún, ẹgbẹ́ ọmọ ogun Róòmù kan, kọ síbẹ̀, wọ́n ya nymphae sọ́tọ̀ kúrò lára ìsun. Bí mo bá ní «fún àwọn òrìṣà ìsun àti àwọn ìsun», ó ń kọ́ mi lẹ́nu. Ta ló ní èyí tó dán ju bẹ́ẹ̀ lọ?