Iná tí server ń jẹ yàtọ̀ sí iná tó ti jẹ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà èdè. Ẹ̀gbọ́n wa dábàá pé ká pe ìṣirò tí wọ́n fi ń mọ iye iná tí server, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń dá àwọn kọ̀ǹpútà mìíràn lóhùn, ń jẹ ní "àwòkọ́ṣe agbára iná". Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ ọn. Ẹni tí à ń wò ká lè ṣe bíi tirẹ̀ là ń pè ní àwòkọ́ṣe. Ìṣirò yìí, a kàn ń fi í fojú dá iye wáàtì ni, níbi tí kò bá ti sí mítà lára ẹ̀rọ. "Ìṣirò ìfojúdá" tó.

"Agbára" ló tiẹ̀ ń dà mí láàmú jù. Wáàtì ń sọ bí ẹ̀rọ ṣe ń jẹná sí lọ́wọ́lọ́wọ́. Kílówáàtì-wákàtí, ìyẹn yúnìtì tí à ń rà sí mítà, ń sọ gbogbo èyí tó ti jẹ. Bí a bá pe méjèèjì ní agbára, ọmọ iléèwé á ṣìnà.

Ẹ wo ìṣirò tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ kan, Fan, Weber àti Barroso, lò ní Google lọ́dún 2007. Ká ní server kan ń jẹ wáàtì 100 nígbà tí wọ́n tàn án sílẹ̀ láìsí iṣẹ́, tó sì ń jẹ 200 bí iṣẹ́ bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Àlàfo àárín wọn jẹ́ 100. Bí CPU, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà náà, bá ń ṣiṣẹ́ dé ìdá 30 nínú 100, a ó mú ìdá 30 àlàfo yẹn, a ó fi kún ti àkọ́kọ́: wáàtì 130. Tó bá fi wákàtí 24 ṣe bẹ́ẹ̀, yúnìtì 3.12 ló jẹ. Ẹ ò rí i pé 130 àti 3.12 ò lè jẹ́ orúkọ kan náà?

Èmi dábàá "ìwọ̀n ìjẹná" fún wáàtì, "àpapọ̀ ìjẹná" fún yúnìtì. A kúkú ti ń sọ pé fíríìjì ń jẹná. Kò sí ẹni tó máa bi wá pé kí ni ìjẹná.

Ó ku wáàtì 100 àkọ́kọ́ yẹn, tí ẹnì kan pè ní "iná oorun". Server yẹn ò sùn o! Ó lajú sílẹ̀, ó ń retí iṣẹ́ ni. Kọ̀ǹpútà tó sùn lóòótọ́ kì í jẹ tó bẹ́ẹ̀. Ó sì yẹ kó ní orúkọ gidi, torí Barroso àti Hölzle, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Google, kọ ọ́ lọ́dún 2007 kan náà pé server tí ò fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe nǹkan kan ṣì ń jẹ bí ìdajì iná tó ń jẹ lójú iṣẹ́ gidi. "Iná ìdúródeṣẹ́" ni mo rí. Ó gùn díẹ̀, mo mọ̀. Ẹni tó bá ní èyí tó kúrú jù ú lọ, kó mú un wá.