Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ṣé kí n sanwó fún jọ́nà yìí?

Ọmọ Àgbọ̀wó: Ẹ káalẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Mo ń ṣe máásítà n'Ìbàdàn níbí, mo kọ iṣẹ́ ìwádìí lórí omi kànga ládùúgbò Bódìjà, jọ́nà kan (ìwé tó ń gbé iṣẹ́ ìwádìí jáde) wá fi í-meèlì ránṣẹ́ pé àwọn á gbé e jáde láàárín ọjọ́ 3 tí mo bá ti sanwó. Ọkàn mi ò balẹ̀. Ṣé ọ̀nà míì wà?

Ìyá Ìbejì Mọ́kọ́lá: Má san kọ́bọ̀ o jàre! Ta ló fẹ́ yẹ iṣẹ́ wò dáadáa láàárín ọjọ́ 3? Wọ́n gbowó lọ́wọ́ èmi náà bẹ́ẹ̀, nígbà tó yá a wá ìkànnì wọn tì, iṣẹ́ ọdún méjì ló bá a lọ, ó ṣì ń dùn mí. Kọ́kọ́ wo ìkànnì DOAJ, látọdún 2003 ni wọ́n ti ń to orúkọ àwọn jọ́nà tó ṣeé kà lọ́fẹ̀ẹ́ síbẹ̀, wọ́n sì máa ń yẹ̀ wọ́n wò kí wọ́n tó gbà wọ́n wọlé.

Bọ̀dá Ṣángo: Òótọ́ ni màmá sọ. Àbúrò, o tún lè gbé e sórí Zenodo, ìkànnì tí wọ́n ń kó iṣẹ́ ìwádìí àti dátà pamọ́ sí, ọ̀fẹ́ ni, wọ́n á fún ẹ ní DOI, nọ́ńbà tí wọ́n á fi máa rí iṣẹ́ ẹ kódà tí ìkànnì bá yí àdírẹ́sì padà. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ bi jọ́nà tó wù ẹ́ bóyá wọ́n gbà bẹ́ẹ̀ o. Gba ORCID náà, nọ́ńbà ìdánimọ̀ fún olùwádìí, torí àwa tí orúkọ wa jọra pọ̀ jù.

Ọmọ Àgbọ̀wó: Ẹ ṣé gan-an mà, ẹ ṣé sà. Mo ti gba ORCID báyìí. Ṣé Zenodo á gba dátà omi náà, Excel ni mo fi ṣe é?

Bọ̀dá Ṣángo: Á gbà á. Fi ẹ̀dà CSV kún un, fáìlì dátà tí kò nílò Excel kó tó ṣí.